Láti Inú Kíláàsì Dé Orí Ìtàgé: Ìtàn Tí Ó Yẹ Kí Àwọn Ọmọ Agbabu Fi Ṣeré

Bí oòrùn bá mú gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀dà a máa sun jáde láti inú ilẹ̀ ní Agbabu. Ìlú kékeré yìí wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, ní gúúsù Òrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀dà dúdú yìí, tí ó ki, tí ó sì ń fà bí oje igi, ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní bítúmẹ́nì. Ní ọdún 1908 ni ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, tí òyìnbó kan tí ń jẹ́ John Simon Bergheim ń darí, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ wá epo àti ọ̀dà kiri ní agbègbè wa. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró. Láti ìgbà náà, ìjọba ń lọ, ìjọba ń bọ̀, olúkúlùkù ń ṣe ìlérí lórí ọ̀dà náà.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ Agbabu kì í pẹ́ kí ó tó padà sórí tábìlì wa. Bí mínísítà bá sọ̀rọ̀ lórí ohun àlùmọ́ọ́nì, a ó kọ ọ́. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá gba ìwé àṣẹ, a ó kọ ọ́. A ó ka iye àgbá ọ̀dà tí wọ́n ní ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, a ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. N kò rántí ìròyìn kan ṣoṣo, nínú èyí tí èmi tàbí akẹgbẹ́ mi kọ, tí a ti béèrè lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Agbabu pé kí ni ojú rẹ̀ rí. Ọmọ tí ọ̀dà lè lẹ̀ mọ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀ kò sí nínú ìtàn ọ̀dà.

Ẹ̀yin òǹkàwé lè bi mí pé kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú eré oníṣe, nítorí eré oníṣe ní ilé-ìwé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ó ní í ṣe púpọ̀. Eré orí ìtàgé Yorùbá ti òde òní, ọwọ́ àwọn tíṣà ni ó ti jáde. Ìgbà tí ó sì lágbára jù lọ ni ìgbà tí a jẹ́ kí ọmọdé àti ọ̀dọ́ wá ìtàn ilé ara wọn lọ, kí wọ́n sì fi ara ṣe é. Ìgbà tí a sọ ọ́ di àkọ́sórí fún ìdánwò ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Kí ilé-ìwé tó dé

Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́ wa ní eré. Kí ilé-ìwé tó dé, àgbàlá ni kíláàsì wa. Òṣùpá a yọ, àgbà a máa pa àlọ́, ọmọdé a máa gbe orin. Ẹni tí ó bá mọ àlọ́ í pa kì í fi ohùn kan náà sọ ọ̀rọ̀ Ìjàpá àti ọ̀rọ̀ Erin. A máa yí ohùn padà, a máa yí ojú padà, àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó yí i ká a sì máa dá a lóhùn títí tí gbogbo wọn yóò fi di òṣèré. Ní ìdílé àwọn eégún aláré, tí a tún ń pè ní alárìnjó, iṣẹ́ àjogúnbá ni eré jẹ́. Ọmọ tí a bá bí sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ìjó, oríkì, òkìtì títa àti agọ̀ pípààrọ̀ láti kékeré, bí ọmọ àgbẹ̀ ṣe ń kọ́ ebè kíkọ.

Ní ọdún 1826, nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé Ọ̀yọ́ Ilé, Aláàfin ní kí àwọn eléré wá dá a lára yá. Clapperton kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ pé òun rí ẹni tí ó ṣe bí ejò òjòlá. Ó tún rí ẹnìkan tí ó gbé àwọ̀ òyìnbó wọ̀, tí ó ń sín àwọn aláwọ̀ funfun jẹ, tí gbogbo èrò sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i. Àlejò wá láti wo wa, kí ó lè lọ kọ ìwé nípa wa. Àwọn eléré náà wo òun padà, wọ́n sì fi í ṣeré lójú ara rẹ̀. Iṣẹ́ kan tí eré ń ṣe nìyẹn: ó ń jẹ́ kí ẹni tí a ń wò lè wo ẹni tí ń wò ó.

Kọ́nsáàtì ilé-ìwé

Láti àwọn ọdún 1840 ni àwọn ajíhìnrere ti ń dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Badagry àti Abẹ́òkúta. Ní 1859 ni CMS Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ilé-ìwé wọ̀nyí kò fẹ́ràn eégún, wọn kò sì fẹ́ kí ọmọ tí ó bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wọn lọ sí agbo ìjó òrìṣà. Síbẹ̀, wọn kò lè yọ eré kúrò lára ọmọ. Bí ọdún bá parí, wọ́n á ṣe kọ́nsáàtì: ọmọ á kọrin, ọmọ á ka ewì lórí, ọmọ méjì á dúró síwájú àwọn òbí láti sọ ọ̀rọ̀ tí tíṣà kọ fún wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba ipò iwájú níbẹ̀, ìtàn òkèèrè ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe.

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó kan ń pa orúkọ òyìnbó tì, wọ́n ń wọ aṣọ òkè, wọ́n sì ń dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Ìjọ United Native African bẹ̀rẹ̀ ní 1891, ìjọ Bethel sì tẹ̀ lé e ní 1901. Bí ìjọ ṣe ń di ti Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ ni èdè Yorùbá àti ìlù ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú kọ́nsáàtì ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ilé-ìwé. Inú ilẹ̀ tí a ti tu báyìí ni àwọn tí a wá mọ̀ sí baba eré Yorùbá gbin irúgbìn wọn sí.

Tíṣà di òṣèré

Ẹ wo àwọn mẹ́ta tí orúkọ wọn kò lè parẹ́. Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọsà, tí a bí ní 1916, ṣe iṣẹ́ tíṣà kí ó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tí a bí ní 1925, ṣe iṣẹ́ tíṣà. Dúró Ládiípọ̀, ọmọ Òṣogbo, tí a bí ní 1931, ṣe iṣẹ́ tíṣà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí-ire lásán. Tíṣà ni ó mọ bí a ṣe ń kó ọgbọ̀n ọmọ jọ kí wọ́n sì dákẹ́. Tíṣà ni ó mọ bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, bí a ṣe ń pín in fún olúkúlùkù, bí a ṣe ń tún un ṣe títí tí yóò fi dán. Tíṣà náà ni ó sábà máa ń darí akọrin ní ọjọ́ Ìsinmi. Gbogbo ohun èlò ẹgbẹ́ eré ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun ní ẹgbẹ́ eré.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1944, Ògúndé gbé eré kan nípa Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run kalẹ̀ ní Glover Memorial Hall ní Èkó, fún Ìjọ Olúwa ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi kúrò lórí ìtàn Bíbélì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìgboro. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà ní 1945, ó ṣe Strike and Hunger. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley ní Enugu, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú. Ní 1950, Ògúndé fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe Bread and Bullet. Àwọn tí wọ́n kú kì í ṣe ọmọ Yorùbá, Enugu sì jìnnà sí Èkó. Ṣùgbọ́n tíṣà àtijọ́ yìí rí i pé ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ń wà á jáde jẹ́ ìtàn tí ó yẹ kí gbogbo ayé gbọ́.

Ní ti Ògúnmọ́lá, ìwà ènìyàn ni ó fi ṣe ọjà tirẹ̀. Eré rẹ̀ Ìfẹ́ Owó fi ìwọra hàn láì na ẹnikẹ́ni ní pàṣán. Ní 1963, lẹ́yìn tí ó ti lo àkókò díẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sọ ìwé Amos Tutùọlá nípa ọ̀mu di eré Láńkẹ́ Ọ̀mùtí, tí àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n káàkiri.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tún dá kún un. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ti jáde ìwé mẹ́fà tí wọ́n lè ka àlẹ̀mọ́ ara ògiri, tí wọ́n lè ka ọ̀rọ̀ eré, tí oko kò sì wù wọ́n padà sí. Nínú wọn ni ẹgbẹ́ eré ti rí òṣèré, nínú wọn náà ni ó ti rí òǹwòran.

Ohun tí Òṣogbo fi hàn wá

Ìtàn Dúró Ládiípọ̀ ni ó kàn wá jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1961 ó kọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù dùndún sí i. Àwọn àgbà ìjọ kan bínú, wọ́n ní ìlù òrìṣà kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Ládiípọ̀ gbé ìlù rẹ̀ jáde. Ní 1962, òun àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì tí ó ń kọ́ni ní yunifásítì, sọ ilé Ládiípọ̀ di Mbari Mbayo, ibi àpéjọ fún eré àti iṣẹ́ ọnà. Ibẹ̀ ni Ọba Mórò ti jáde ní ọdún náà, tí Ọba Kò So sì tẹ̀ lé e ní 1963. Ní 1964 wọ́n gbé Ọba Kò So dé Berlin.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ eré náà ni wọ́n tún ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Denis Williams, ayàwòrán ọmọ Guyana, ni ó kọ́kọ́ darí rẹ̀, Georgina Beier sì ṣe tirẹ̀ ní 1964. Wọn kò béèrè ìwé ẹ̀rí, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó jáde ìwé mẹ́fà. A kò kọ́ wọn láti ṣe àdàkọ iṣẹ́ òyìnbó. Ohun tí ó wà nínú ọkàn wọn ni a ní kí wọ́n gbé jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ara ẹgbẹ́ Ládiípọ̀. Mùráínà Oyèlámì ń lu ìlù, ó sì ń ṣeré. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ni ó ń bójú tó iná orí ìtàgé. Rufus Ògúndélé àti Twins Seven-Seven wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lónìí, àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri àgbáyé ní iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ọmọ tí ayé ń wò gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò kàwé tó, nígbà tí a fún un ní àyè àti ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà, ó di ẹni tí ayé ń wá.

Ilé-ìwé Ponty

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní Senegal, ilé-ìwé olùkọ́ni kan wà tí ń jẹ́ William Ponty, níbi tí ìjọba Faransé ti ń kó àwọn ọmọ tí orí wọn pé jù láti gbogbo ìletò rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ. Ní 1933, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n wá láti Dahomey, tí a ń pè ní Benin lónìí, fi ìpàdé ọba Béhanzin àti Bayol, ìránṣẹ́ ìjọba Faransé, ṣe eré. Lẹ́yìn náà, ó di àṣà pé bí ọmọ bá ń lọ sílé fún ìsinmi, iṣẹ́ ń bá a lọ: kí ó béèrè ìtàn, òfin, orin àti àṣà ìlú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá padà dé, wọ́n á jókòó pọ̀, wọ́n á fi ohun tí wọ́n kó bọ̀ ṣe eré. Ní 1937 wọ́n gbé eré wọn lọ sí Paris, Sokamé láti Dahomey sì wà lára rẹ̀. Bernard Dadié, ọ̀gbẹ́ni òǹkọ̀wé ọmọ Côte d'Ivoire, àti Keïta Fodéba, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ oníjó Guinea sílẹ̀, jáde láti ilé-ìwé yìí.

N kò ní kí a gbóríyìn fún amúnisìn. Ojú àwọn ọ̀gá Faransé ń ṣọ́ ohun tí àwọn ọmọ náà lè sọ, èdè Faransé ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ dára: rán ọmọ lọ bá bàbá àgbà rẹ̀, kí ó gbọ́, kí ó kọ ọ́, kí ó sì fi ṣeré. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Bí a ṣe pàdánù rẹ̀

Mo rántí kọ́nsáàtì òpin ọdún kan nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin. Dókítà ni wọ́n fi mí ṣe. Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, n kò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ ń dá ẹmu ni ó ṣe adẹ́mu. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún un fò ó lórí, ó yíjú sí èdè ilé. Ó fa igbà dè mọ́ ìbàdí, ó ń gun ọ̀pẹ tí kò sí níbẹ̀, ó ń bú kòkòrò tí ń kùn sí i létí. Àwọn òbí rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Nígbà tí a parí, tíṣà fún un ní ẹgba mẹ́fà nítorí pé ó kúrò lórí ohun tí a kọ. Gbólóhùn mi kò kúrò lórí ohun tí a kọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Èwo nínú àwa méjèèjì ni ó kọ́ nǹkan lọ́jọ́ náà?

Lórí ìwé, eré kò kúrò ní ilé-ìwé wa. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ó wà lábẹ́ iṣẹ́ àṣà àti ọnà, pẹ̀lú orin, ijó àti àwòrán. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ohun tí ọmọ ń ṣe ni kí ó kọ ìtumọ̀ eré sínú ìwé, kí ó ka oríṣi rẹ̀ lórí, kí ó dáhùn ìbéèrè. Ní girama, ọmọ á ka Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá láti mọ ẹ̀dá-ìtàn àti ọnà èdè tí olùdánwò lè béèrè, láì dìde dúró rí láti sọ ọ̀rọ̀ Ẹfúnṣetán bí ẹni tí ó ń sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni eré yìí kan náà ni ẹgbẹ́ Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá fi kó èrò jọ rẹpẹtẹ nígbà kan rí. Ẹgbẹ́ Òṣèré Orílẹ̀-èdè a máa ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìsinmi fún àwọn ọmọdé ní Èkó. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n Iganmú jìnnà sí Agbabu.

Kí a gbé e dé Agbabu

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí owó, kò sí gbọ̀ngàn. Ilé tí ènìyàn ń gbé ni Mbari Mbayo ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1965, ilé eré Belgrade bẹ̀rẹ̀ sí í rán òṣèré lọ sínú kíláàsì láti bá àwọn ọmọ ṣeré lórí ohun tí wọ́n ń kọ́. Kò di dandan kí kíláàsì di gbọ̀ngàn kí eré tó wọ ibẹ̀. Ohun tí a nílò ni tíṣà kan tí ó fẹ́ ẹ, wákàtí kan láàárín ọ̀sẹ̀, àti ọ̀gá ilé-ìwé tí kò ní pe ariwo ọmọ ní àìgbọràn.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ Agbabu lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé wọn: Kí ni àwọn bàbá ńlá wa ń pe ọ̀dà yìí kí òyìnbó tó dé? Kí ni wọ́n gbọ́ nípa àwọn tí ó wá gbẹ́ kànga? Ìlérí wo ni wọ́n ti gbọ́, ta ni ó sì mú un ṣẹ? Kí àwọn ọmọ Òrè náà béèrè nípa oṣù Kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra dé Òrè, tí ìjà náà gbóná débi pé ó di ọ̀rọ̀ àṣàyàn lẹ́nu wa: ó le kú, ìjà Òrè. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà ti kọjá ẹni ọgọ́ta ọdún dáadáa báyìí. Bí a kò bá béèrè ní báyìí, a kò ní rí ẹni béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì yọ ẹ̀kọ́ ìtàn, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró, kúrò ní ilé-ìwé àwọn ọmọ wa. Eré lè dá díẹ̀ padà nínú ohun tí ó sọnù.

Àwọn mìíràn yóò bẹ̀rù pé ọmọ lè sọ ohun tí yóò bí aláṣẹ nínú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé nítorí Yorùbá Ronú, ó sì di 1966 kí òfin náà tó kúrò. Ìjọba náà ti lọ. Àwọn ènìyàn ṣì ń dárúkọ eré náà. Ọmọ tí ó bá ti dúró níwájú ìlú rẹ̀, tí ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ilé rẹ̀ ṣe rí, yóò ṣòro kí ẹnìkan tó wá pín ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láì bi í.

Láti 1908 ni àwọn àlejò ti ń wá wo ọ̀dà Agbabu. Ó tó gẹ́ẹ́ kí àwọn ọmọ Agbabu náà gun orí ìtàgé, kí wọ́n wo àwọn àlejò padà, bí àwọn eléré Ọ̀yọ́ Ilé ṣe wo Clapperton.